Ta ló wà níbẹ̀ tó ń wọn òjò? Ohun tí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún mọ̀ nípa ọ̀dá àtijọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Mo kà á pé ọ̀dá ńlá kan jà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti nǹkan bí ọdún 1400 títí wọ 1750, àti pé ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún kan ní Ghana ni àwọn onímọ̀ fi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ló wà níbẹ̀ tó ń wọn òjò nígbà náà? Ṣé kì í ṣe pé wọ́n kàn ń méfò? Bó bá sì jẹ́ òótọ́ ni, tí irú ọ̀dá bẹ́ẹ̀ ti ń jà kí ọkọ̀ àti ilé iṣẹ́ ńlá tó dé, kí ló dé tí wọ́n tún ń di ẹ̀bi ìyípadà ojú ọjọ́ ru ọmọ aráyé?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè. Ẹnì kankan kò wà níbẹ̀ tó ń wọn òjò. Adágún náà fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Bosumtwi ni orúkọ rẹ̀, kò jìnnà sí Kumasi, inú mi sì dùn pé òun gan-an lẹ mẹ́nu bà, torí pé káàkiri ayé, adágún tó mọ ìtàn sọ bíi tirẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó dé orí rẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo bí ẹrẹ̀ ṣe ń di ìwé. Ibẹ̀ ni iyèméjì yín ti bẹ̀rẹ̀, iyèméjì náà sì tọ́. Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí gan-an, òun la fi ń jí, òun la fi ń sùn.

Ohunkóhun tó bá bọ́ sínú adágún tí kò jẹrà tán, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Iyanrìn àti amọ̀ tí àgbàrá gbé wá, eruku tí afẹ́fẹ́ gbé láti ọ̀nà jíjìn, ewé, lẹ́búlẹ́bú òdòdó, eérú iná igbó, egungun ẹja àti ìpẹ́ rẹ̀, karawun àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú lásán kò lè rí. Wọ́n ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, tọdún yìí lórí tèṣí, tèṣí lórí tìdúnta. Nínú ọ̀pọ̀ adágún, gbogbo ohun tó ń kún un lọ́dún kan lè má ju mìlímítà kan lọ. Odò tó ń ṣàn kò lè ṣe irú iṣẹ́ yìí bó ṣe yẹ, nítorí ohun tó bá tò sílẹ̀ lọ́dún yìí, ìkún omi ọdún tó ń bọ̀ lè wọ́ ọ lọ. Adágún ní tirẹ̀, gbígbà ló ń gbà, kì í fi bẹ́ẹ̀ dá padà.

Kì í ṣe gbogbo adágún ló ń kọ̀wé tó mọ́, ṣá o. Níbi tí ọ́síjìn bá ti dé ìsàlẹ̀ omi, aràn àti ìdin kòkòrò ń gbé inú ẹrẹ̀, wọ́n ń túlẹ̀ kiri, wọ́n ń po ẹrẹ̀ ọdún mẹ́wàá, ogún, pọ̀ mọ́ra. Adágún tí à ń wá lójú méjèèjì ni èyí tó jìn, tí omi òkè àti omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í sáàbà dà pọ̀, débi pé ọ́síjìn ti tán nísàlẹ̀. Kò sí ohun tó lè gbé ibẹ̀ kó máa tú nǹkan. Nínú irú adágún bẹ́ẹ̀, ojú lásán lè rí ọdún kọ̀ọ̀kan: ìlà kan mọ́lẹ̀, ìlà kan ṣú, bó ti ń tẹ̀ léra wọn nìyẹn bí àlùbọ́sà tí a là láàárín. Ní Crawford Lake ní Kánádà, ẹfun funfun ló ń balẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìdọ̀tí dúdú sì bò ó nígbà òtútù. Adágún kékeré ni, èèyàn lè rìn yí i ká láìpẹ́, síbẹ̀ ìlà rẹ̀ mọ́ débi pé lẹ́búlẹ́bú àgbàdo tí àwọn ọmọ onílẹ̀ gbìn nítòsí rẹ̀ ní bí 600 tàbí 700 ọdún sẹ́yìn ṣì wà níbẹ̀, nínú ìlà tirẹ̀.

Láti ka ìwé náà, a ní láti fa ẹrẹ̀ jáde láìdà á rú. Ọ̀pá oníhò la ń tì bọlẹ̀ láti orí ọkọ̀ ojú omi tàbí pèpéle tó léfòó; ní àwọn ilẹ̀ olótùútù, orí yìnyín ni wọ́n ń dúró sí. Lọ́dún 1955, Daniel Livingstone, ọmọ Amẹ́ríkà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí àwọn adágún Áfíríkà, ṣàlàyé irinṣẹ́ kan tó ní pístọ̀n nínú, tí ẹrẹ̀ kì í fi í fún pọ̀ bí ọ̀pá ti ń wọlẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni a ṣì fi ń pe irinṣẹ́ náà dòní. Bí ọ̀pá bá ti dé yàrá ìwádìí, a ó là á lóòró sí méjì. Ẹ ò ní gbàgbé òórùn rẹ̀ bẹ́ẹ bá wà níbẹ̀: òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́. Ẹrẹ̀ náà á dúdú kirikiri, á máa dán. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, dúdú náà á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, torí pé afẹ́fẹ́ tí kò kàn án láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ti kàn án. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń sáré ya fọ́tò rẹ̀ kí ìlà tó parẹ́.

Ó ku ọjọ́ orí. Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti wo wá dáadáa, nítorí bí a bá ṣi ọjọ́ orí kà, gbogbo ìyókù di àlọ́.

Ọ̀nà kìíní ni kíka ìlà níkọ̀ọ̀kan. Ó dà bí ohun tó rọrùn, kò rọrùn. Ní Japan, adágún kan wà tó ń jẹ́ Suigetsu, tí ìlà ọdọọdún rẹ̀ lọ títí dé ẹgbẹẹgbàárùn-ún ọdún lọ́nà tí kò wọ́pọ̀ láyé. Kò sí odò ńlá tó ń tú sínú rẹ̀ tààrà. Adágún mìíràn tó wà ṣáájú rẹ̀ ló ń gba ìdọ̀tí náà sílẹ̀, èyí ni kò jẹ́ kí ìlà rẹ̀ dàrú. Lọ́dún 1993, wọ́n gbẹ́ ihò kan ṣoṣo níbẹ̀, wọ́n fa ẹrẹ̀ rẹ̀ jáde ní gígé ní gígé, wọ́n ka ìlà rẹ̀, wọ́n sì gbé àbájáde jáde lọ́dún 1998. Lẹ́yìn-ò-rẹyìn ni wọ́n rí i pé iye ọdún tí wọ́n kà kò bá ti ibòmíràn mu. Kí ló fà á? Láàárín gígé kan àti èkejì, ẹrẹ̀ díẹ̀ ti sọnù, àwọn ọdún tó wà nínú rẹ̀ sì bá a lọ. Lọ́dún 2006, ikọ̀ tí Takeshi Nakagawa darí padà lọ síbẹ̀, ihò mẹ́rin ni wọ́n gbẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, nítòsí ara wọn, kí àlàfo inú ọ̀kan lè bọ́ sórí ibi tí òmíràn ti pé. Ọdún 2012 ni èsì rẹ̀ jáde, ó sì di ọ̀kan lára àwọn òpó tí gbogbo ayé fi ń ṣàtúnṣe òǹkà kábọ́ọ̀nù, ọ̀nà kejì tí mo fẹ́ sọ yìí, títí dé nǹkan bí 50,000 ọdún sẹ́yìn. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an. Ẹni tó ń méfò kì í padà lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlá lọ gbẹ́ ihò mẹ́rin nítorí àwọn ìlà díẹ̀ tó sọnù.

Ọ̀nà kejì ni kábọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀, èyí tí Willard Libby fi gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1960. Ohun gbogbo tó bá wà láàyè ń gba oríṣi kábọ́ọ̀nù kan sára tó ń pòórá díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ikú. Lẹ́yìn 5,730 ọdún, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Wíwọn èyí tó ṣẹ́ kù ni a fi ń mọ ìgbà tí ewé kan já bọ́. Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Nínú adágún tó wà lórí òkúta ẹfun, ewéko inú omi ń mu kábọ́ọ̀nù tó ti wà nínú òkúta láti ìgbà ìwáṣẹ̀, èyí tó sì kú lánàá á máa fara hàn bí ẹni pé ó ti kú láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Torí náà, ewé tàbí hóró tó já bọ́ láti orí ilẹ̀ ni à ń wá, tí a ń fi ẹ̀mú ṣà á níkọ̀ọ̀kan nínú ẹrẹ̀.

Fún nǹkan bí 150 ọdún tó kẹ́yìn, oríṣi òjé kan tó ń bá òjò àti eruku bọ̀ láti òfurufú ni à ń lò, èyí tí ìdajì rẹ̀ ń pòórá láàárín ọdún 22 péré. Àmì kan sì tún wà tí kì í tan ni: bọ́ǹbù átọ́míìkì tí àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ń dán wò lójú sánmà tú eruku onítànṣán ká gbogbo ayé, ọdún 1963 ló sì pọ̀ jù. Ó bọ́ sínú adágún gbogbo. Bí a bá ka ìlà láti òkè wá sísàlẹ̀, tí a dé ibi tí ìtànṣán náà ti pọ̀ jù, tí òǹkà wa kò sì sọ pé 1963, àwa la ṣì í, kì í ṣe adágún.

Ìyẹn ni ti ọjọ́ orí. Kí wá ni ẹrẹ̀ náà ń sọ? Mo lè to àwọn ohun tó wà nínú rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó ń sọ irú igi àti koríko tó wà ní àyíká. Lennart von Post ti Sweden ló kọ́kọ́ fi òǹkà rẹ̀ han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1916. Orí ìdin àwọn kòkòrò kan tó jọ ẹ̀fọn tí kì í gé ni jẹ, tó le tí kì í jẹrà, ń sọ bí omi ṣe gbóná tó, nítorí oríṣi kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n ooru tó bá a lára mu. Eérú ń sọ ìgbà tí igbó jó. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan kò tó. Bí igi bá dín kù, ó lè jẹ́ ọ̀dá, ó lè jẹ́ àáké. Ìgbà tí ẹlẹ́rìí tí kò mọra wọn rí bá sọ ohun kan náà, ní ìlà kan náà, ni ọkàn wa máa ń balẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹjọ́ kan hàn yín tí wọ́n dá báyìí. Ní Galloway, ní gúúsù Scotland, adágún kékeré kan wà lórí òkúta líle tí wọ́n ń pè ní Round Loch of Glenhead. Ní àwọn ọdún 1980, omi rẹ̀ ti kan débi pé ara ẹja kò gbà á mọ́. Àwọn kan ní òjò kíkan ló fà á, èyí tó ń wá láti inú èéfín èédú tí ilé iṣẹ́ àti ilé iṣẹ́ mànàmáná ń jó. Àwọn mìíràn ní rárá, igi tí ìjọba gbìn sí àgbègbè náà ni, tàbí igbó kékeré orí òkè tó ń gbilẹ̀ tó ń sọ ilẹ̀ di kíkan. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, torí bí èéfín bá jẹ̀bi, ẹnì kan ni yóò sanwó láti fọ̀ ọ́.

Rick Battarbee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London bi ẹrẹ̀ léèrè. Ẹlẹ́rìí wọn àkọ́kọ́ ni dáyátọ̀mù, ohun abẹ̀mí tíntìntín inú omi tó ń fi èròjà tí a fi ń ṣe gíláàsì kọ́lé yí ara rẹ̀ ká. Iṣẹ́ ọnà ara ilé oríṣi kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, ó sì máa ń dùn mí pé máíkírósíkóòpù nìkan ló lè fi ẹwà rẹ̀ han èèyàn. Àwọn kan fẹ́ràn omi kíkan, àwọn kan kò lè gbé inú rẹ̀. Ẹrẹ̀ fi hàn pé fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, àwọn tó wà níbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn tó fẹ́ràn kíkan bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilé. Ìyẹn ti pẹ́ kí wọ́n tó gbin igi ìjọba, nítorí náà igi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bi. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó ní igbó orí òkè kò gbilẹ̀ sí i lásìkò náà, òun náà bọ́. Nínú ìlà wọ̀nyẹn kan náà ni òjé àti síńkì ti ilé iṣẹ́ ń pọ̀ sí i, tí àwọn hóró eérú roboto kan sì dé lẹ́yìn wọn. Iná igi kì í mú irú hóró yẹn jáde láéláé. Iná gbígbóná janjan tí ń jó èédú ilẹ̀ tàbí epo rọ̀bì nìkan ló ń mú un jáde. Ẹjọ́ parí síbẹ̀. Ní 1985, àwọn orílẹ̀-èdè kan fọwọ́ sí ìwé ní Helsinki pé àwọn yóò dín èéfín sọ́fọ̀ (imí ọjọ́) wọn kù ní ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ó kéré tán kí 1993 tó parí, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sì gbà lẹ́yìn-ò-rẹyìn pé èéfín òun ní láti mọ́ sí i. Lónìí, dáyátọ̀mù inú àwọn adágún bẹ́ẹ̀ ti ń fi hàn pé ara wọn ń yá, díẹ̀díẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ béèrè nípa ọ̀dá lè máa wò mí pé kí ni tèéfín. Ẹ fi í pa mọ́, a ó nílò àwọn hóró eérú yẹn láìpẹ́.

Ọ̀kan tó tún ń wú mi lórí ni ti erékùṣù St. Paul, ní òkun tó wà láàárín Alaska àti Rọ́ṣíà. Nígbà tí yìnyín ńlá ayé yọ́ tí òkun kún, àwọn mámọ́ọ̀tì, erin onírun gígùn ayé àtijọ́, há sórí erékùṣù yìí. Ènìyàn kò débẹ̀ títí di ọdún 1787, nítorí náà ọdẹ kò lè jẹ̀bi ikú wọn. Kí ló pa wọ́n? Wọ́n gbẹ́ ẹrẹ̀ inú adágún kékeré kan níbẹ̀, èsì rẹ̀ jáde ní 2016. Wọ́n wá DNA mámọ́ọ̀tì nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó wà, ó wà, ó sì dédé kò sí mọ́ ní nǹkan bí 5,600 ọdún sẹ́yìn. Àwọn olú wẹ́wẹ́ tó ń hù lórí ìgbẹ́ àwọn ẹran ńlá náà pòórá nígbà kan náà. Egungun tí wọ́n rí lórí ilẹ̀ kò tako ọjọ́ yẹn. Dáyátọ̀mù àti àwọn kòkòrò omi sì sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ṣáájú ikú wọn: adágún náà ń fà, omi rẹ̀ ń dín kù, ó ń dàrú. Òkun tó ń ga ti gé erékùṣù náà kúrú, ojú ọjọ́ ti gbẹ, àwọn ẹran ńlá wọ̀nyí sì ń rọ́ lọ sí etí omi kan náà, wọ́n ń tẹ ilẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Òǹgbẹ ló pa wọ́n. Mi ò tíì ka ìtàn yẹn kí ọkàn mi má gbọgbẹ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí Bosumtwi.

Òkúta kan láti ojú ọ̀run ló gbẹ́ kòtò rẹ̀, ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún kan sẹ́yìn. Kòtò náà rí roboto, bèbè rẹ̀ ga yí i ká, omi sì kún àárín rẹ̀ fún bíi kìlómítà mẹ́jọ láti etí dé etí. Kò sí odò tó ń ṣàn jáde nínú rẹ̀. Òjò tó rọ̀ sí i lójú tààrà ló ń bọ́ ọ jù. Oòrùn nìkan ló sì ń mú omi rẹ̀ lọ. Ẹ rò ó wò: awo tí òjò ń bu omi sí, tí oòrùn ń lá. Bí òjò bá pọ̀, á kún. Bí òjò bá tán, á fà. Ohun èlò ìwọnjò ni, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ di dandan kí ẹnikẹ́ni jókòó tì í. Lékè gbogbo rẹ̀, ó jìn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ní ọ́síjìn, ìlà ọdọọdún rẹ̀ kò sì dàrú. Ní 2004, ikọ̀ àpapọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ gbẹ́ ẹ wọ inú òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá.

Ẹlẹ́rìí tó sọ̀rọ̀ jù níbẹ̀ ni ọ́síjìn tó wà nínú omi fúnra rẹ̀. Ọ́síjìn fífúyẹ́ wà, èyí tó wúwo wà. Bí oòrùn bá ń fa omi, èyí tó fúyẹ́ ló ń kọ́kọ́ fò lọ. Èyí tó wúwo ń ṣẹ́ kù sẹ́yìn. Tí ọ̀dá bá pẹ́, omi adágún á túbọ̀ máa wúwo. Àwọn hóró ẹfun tó ń dì nínú omi náà ń kó ọ́síjìn ọdún wọn sínú, wọ́n sì ń gbé e lọ sísàlẹ̀. Timothy Shanahan, Jonathan Overpeck àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wọn hóró wọ̀nyí ní ìlà dé ìlà fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún tó kẹ́yìn, wọ́n sì gbé e jáde ní 2009. Ohun tí wọ́n rí ni pé ọ̀dá tó ń pẹ́ ní ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún kì í ṣe àlejò ní agbègbè yẹn. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, bí ooru ojú òkun Àtìláńtíìkì ṣe ń lọ sókè sódò. Àwọn kan tilẹ̀ pẹ́ ju ìyẹn lọ fíìfíì, wọ́n sì le ju ọ̀dá tó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ní agbègbè Sahel ní àwọn ọdún 1970 àti 1980. Èyí tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn nínú wọn ni tiyín yẹn, ti 1400 sí 1750.

Bí ẹ bá ṣì ń ṣiyèméjì, ẹlẹ́rìí kan wà tí kò nílò yàrá ìwádìí. Nínú omi Bosumtwi, igi ńláńlá wà lóòró, gbòǹgbò wọn nínú ilẹ̀ ìsàlẹ̀, níbi tí omi ti jìn ju mítà mẹ́wàá lọ. Igi igbó kì í hù nínú omi tó jìn tó bẹ́ẹ̀. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ti hù, nígbà tí adágún náà ti fà sẹ́yìn, wọ́n sì dàgbà di igi ńlá kí omi tó padà wá bá wọn. Ọ̀dá ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́wàá kò lè fún igi láyè tó bẹ́ẹ̀.

Apá kejì ìbéèrè yín ló wúwo jù lójú mi, mo sì gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn: bí ọ̀dá bá ti wà tẹ́lẹ̀, ṣé ẹ̀rí kọ́ nìyẹn pé ènìyàn kò ní ọwọ́ nínú tòní? Rárá. Iná igbó ti ń jó kí ènìyàn tó mọ bí a ṣe ń ṣáná. Ìyẹn kò sọ pé kò sẹ́ni tó lè finá sígbó. Ohun tó yẹ ká bi ẹrẹ̀ ni pé: ṣé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísinsìnyí wà lára àlọ-àbọ̀ àtijọ́, àbí ó ti yapa?

Ní ti òjò, mi ò ní tàn yín: nínú òjò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àlọ-àbọ̀ àtijọ́ ṣì lágbára púpọ̀, àwọn ìlà Bosumtwi kò sì jẹ́ kí a di gbogbo ọ̀dá ru èéfín. Ti ooru ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ sí adágún Tanganyika, tí jíjìn rẹ̀ ju 1,400 mítà lọ. Ọ̀rá tó wà lára àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín kan nínú rẹ̀ ń yí padà bí omi bá ṣe gbóná sí, ọ̀rá náà sì ń wà nínú ẹrẹ̀. Jessica Tierney àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í tọpa ooru omi òkè adágún náà fún 1,500 ọdún, wọ́n sì sọ ọ́ ní 2010 pé ní gbogbo àkókò yẹn, kò tíì gbóná tó bó ṣe gbóná ní òpin ọ̀rúndún ogún. Kì í ṣe ooru lásán ni wọ́n rí. Bí omi òkè bá gbóná, ó ń fúyẹ́, ó ń léfòó lórí omi tútù ìsàlẹ̀ bí epo, afẹ́fẹ́ kò sì lè pò wọ́n pọ̀ mọ́. Ìsàlẹ̀ ni oúnjẹ tó ń bọ́ adágún wà. Ebi bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín, ó dé ọ̀dọ̀ ẹja, ó dé ọ̀dọ̀ apẹja. Catherine O'Reilly àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀ ní 2003. Àwọn kan ta kò wọ́n pé ẹja pípa tó pọ̀ jù ló fà á. Ní 2016, Andrew Cohen àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ka egungun àti ìpẹ́ ẹja inú ẹrẹ̀, wọ́n sì rí i pé ẹja ti ń dín kù kí àwọn ọkọ̀ ìpẹja ńlá tó dé adágún náà ní àárín ọ̀rúndún ogún. Ẹja pípa kún ìṣòro náà, òun kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Àwọn hóró eérú roboto tí mo ní kẹ́ ẹ fi pa mọ́ ńkọ́? Wọ́n ti wà nínú ẹrẹ̀ adágún káàkiri ayé báyìí, pàápàá láti àárín ọ̀rúndún ogún, nínú àwọn ìlà kan náà tí ooru ti yapa. Wọn kì í ṣe ohun tó ń mú ayé gbóná. Kábọ́ọ̀nù tó bá wọn jáde nínú iná kan náà, tó fò lọ sókè tí kò balẹ̀, òun ló ń mú un gbóná. Ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ ibi tí iná náà ti wá, kò sì sí òkè ayọnáyèéfín tàbí igbó tó ń jó tó lè gba ẹ̀bi wọn.

Nítorí náà, ọ̀dá 1400 sí 1750 kò dá ẹnikẹ́ni láre. Ohun tó sọ ni pé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lè gbẹ fún ọdún tó ju ẹ̀mí ènìyàn mẹ́ta lọ láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣe ohunkóhun. Nígbà tí ìyẹn jà, omi kò gbóná tó báyìí, ilẹ̀ kò sì gbẹ tó bí ooru òní ṣe lè gbẹ ẹ́. Bí òmíràn bá dé, orí ooru yìí ni yóò bá.